Kí arìnrìn-àjò tó kúrò ní Ìkòtún: Ohun tó yẹ kó rà, ohun tó yẹ kó ní kí wọ́n bá òun ṣe, àti ohun tó lè pa á lójú oorun

Ọ̀nà tó ti Ìkòtún já sí Ìgándò, tó gba iwájú yunifásítì LASU kọjá, tó sì bọ́ sí Ìyànà Ìbà, kò parí síbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti pàdé títì márosẹ̀ Àgbádárìgì, títì yìí ló sì ń gbé èèyàn lọ sí ibodè Sẹ̀mẹ̀, láti Sẹ̀mẹ̀ dé Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, láti Kútọnu dé Lomé, Accra àti Abidjan. Àwọn oníṣòwò ìjọba ìbílẹ̀ Àlímọ̀ṣọ́ ti mọ ọ̀nà náà tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ọjà ni wọ́n ń bá lọ, ilé àlejò tàbí ilé ẹbí ni wọ́n sì máa ń sùn. Èyí tó jẹ́ tuntun ni ti àwọn tó ń gba ọ̀nà náà nítorí ìgbádùn ìrìn-àjò fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń gbé ibùsùn wọn dání bí ìgbín ṣe ń gbé ilé rẹ̀ kiri.

Àwọn méjì kan wà tí ìrìn-àjò wọn mú kí ọ̀rọ̀ yìí gbòde kan. Lọ́dún 2022, Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti ìlú Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó. Ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ló gbéra, ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ló sì wọlé, nítorí àti kó owó jọ fún ìpolongo tí ẹgbẹ́ Rotary ń ṣe láti lé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kúrò láyé. Lọ́dún 2024, Pẹ̀lúmi Nubi náà tún wa mọ́tò wá láti Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà. Ọgbọ̀njọ́ oṣù kìn-ín-ní ló kúrò lọ́hùn-ún, ó gba orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún kọjá, ó sì gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin. Kì í ṣe jíìpù ńlá ló wà o. Peugeot 107 ni, ọkọ̀ kékeré bíńtín tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ẹ̀gbẹ́dá kò ní fẹ́ẹ́ wà dé Ìbàdàn, ó sì tún inú rẹ̀ ṣe kí ó lè máa sùn síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. Ìjàmbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i ní Ivory Coast nínú oṣù kẹta, ó sì ní láti dúró tọ́jú ara rẹ̀ kó tó máa bá ọ̀nà lọ. Láti ìgbà náà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń bèèrè ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ rà kó tó lè ṣe irú ẹ̀ ti pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó bá ń lọ sí ẹ̀yìn odi nìkan ni ọ̀rọ̀ ibùsùn ojú ọ̀nà kàn. Àwọn àgùnbánirọ̀ tí ìjọba ń kó jọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ibùdó bíi ti Ìyànà Ìpájà ń bèèrè ohun tí wọn yóò dì dání. Àwọn onígbàgbọ́ tó ń lọ sí ibùdó Ìràpadà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn fún ìpàdé ọlọ́jọ́ púpọ̀ ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ sùn ní gbangba. Àwọn Mùsùlùmí tó bá lọ sí Mẹ́kà náà kò ṣàì mọ̀ pé òru ọjọ́ Muzdalifah, orí ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sí. Ọmọ ẹgbẹ́ Síkáòtù kò nílò àlàyé. Gbogbo wọn pátá, nǹkan márùn-ún kan náà ló ń dà wọ́n láàmú: ẹ̀fọn, òjò, ilẹ̀ tútù, omi àti iná.

Ẹ̀fọn ló yẹ kó ṣáájú, ìtàn Àgbádárìgì fúnra rẹ̀ ló sì fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ní ìparí ọdún 1825, ọ̀gágun ojú omi kan, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ó fẹ́ gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá sí Sókótó. Ọ̀gágun Pearce, Dókítà Morrison àti ọmọ-ọ̀dọ̀ kan tó ń jẹ́ Richard Lander wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹrù wọn kò kéré, owó wọn kò kéré, oníṣègùn wà láàárín wọn. Síbẹ̀, kò tí ì pé oṣù kan tí wọ́n kúrò létí òkun tí ibà fi dá wọn dùbúlẹ̀, kí ọdún náà sì tó parí, Pearce àti Morrison ti kú. Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé lọ́dún 1826, ó dé Sókótó pẹ̀lú, àmọ́ ibẹ̀ ló kú sí lọ́dún 1827, Lander nìkan ló padà wá sọ ìtàn. Àwọn èèyàn ìgbà náà rò pé afẹ́fẹ́ irà àti ìrì òru ló ń fa ibà. Ọdún 1897 ni Ronald Ross, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní India, tó rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Àádọ́rin ọdún ó lé lẹ́yìn tí wọ́n sin Pearce ni ayé tó mọ̀ pé aṣọ oníhò wínníwínní kan lásán, tí wọ́n bá rọ̀ ọ́ dáadáa, ìbá ti ṣe é lóore ju gbogbo ẹrù tó kó wá láti Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n ti fi oògùn sí, irú èyí tí ìjọba máa ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ láwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé, ni kí arìnrìn-àjò wá kó tó wá àgọ́. Oògùn inú rẹ̀ wà fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta tàbí fífọ̀ ogún ìgbà, bí wọ́n kò bá ti sá a sí oòrùn, tí wọ́n kò sì fi ọṣẹ líle bó o. Ìṣòro rẹ̀ ni pé orí bẹ́ẹ̀dì ilé ni wọ́n gé e fún. Bí wọ́n bá gbé e dé inú àgọ́ kékeré, á máa lẹ̀ mọ́ ara ẹni tó sùn, ẹ̀fọn á sì dúró síta, á fi ẹnu gba inú ihò mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ohun tí télọ̀ lè ṣe sí i kò pọ̀. Kí ó rán ọ̀já mẹ́rin sí igun òkè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó sì fi aṣọ tó nípọn, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, lé etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yíká, kí aṣọ náà lè wọ abẹ́ ẹní tàbí fóòmù. Ẹ̀fọn kì í gbé ẹní sókè. Bó bá jẹ́ inú mọ́tò ni wọ́n fẹ́ sùn, kí wọ́n gé nẹ́ẹ̀tì náà mọ ìwọ̀n fèrèsé, kí wọ́n rán etí rẹ̀, kí wọ́n sì ki àwọn òòfà pẹlẹbẹ kéékèèké sínú etí náà, irin ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ á gbá a mú. Fèrèsé méjì tó kọjú síra ni kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, kí atẹ́gùn lè gba inú ọkọ̀ kọjá. Ẹni tó bá ti gbogbo fèrèsé pa lóru Èkó, ooru á jí i kó tó di aago kan.

Ọ̀rọ̀ òjò ló kàn, òun ni owó sì máa ń bá lọ jù. Àwọn àgọ́ tí wọ́n ti rán láti òkè òkun wà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, wọ́n sì máa ń wọ́n. Ẹni tó bá ní sùúrù lè lọ wo ọjà Katangúà lọ́nà Abúlé Ẹ̀gbá, níbi tí wọ́n ti ń já bélì aṣọ òkìríkà, nítorí àpò ìsùn, aṣọ òjò àti àgọ́ àlòkù a máa bá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ó má ṣe san owó kí ó tó tú u sílẹ̀. Kí ó ṣí síìpù rẹ̀ kí ó sì tì í nígbà mẹ́wàá, nítorí síìpù ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Kí ó ka àwọn ọ̀pá rẹ̀, kí ó wò ó bóyá wọ́n pé. Kí ó fi ọwọ́ ra inú ilẹ̀ àgọ́ náà: bí ohun kan bá ń ṣí kúrò lára rẹ̀ bí awọ ejò, oje tí kì í jẹ́ kí omi wọlé ti kú nìyẹn, òjò Ìgándò á sì wọ inú rẹ̀ bí ẹni pé ajọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ àgọ́ olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ṣe fún òjò winniwinni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ òyìnbó. Wọn kò rí òjò oṣù kẹfà l'Ékòó rí.

Ìdí nìyí tí tapólíìn fi sàn fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Èyí tó fúyẹ́, tí wọ́n ń fi bo ọjà lọ́jà Ìkòtún, tí gígùn rẹ̀ tó mítà mẹ́rin, tí fífẹ̀ rẹ̀ sì tó mẹ́ta, á bo èèyàn méjì tàbí mẹ́ta. Èyí tí àwọn awakọ̀ tírélà ń lò nípọn, ó sì lè fi ọdún púpọ̀ wúlò, àmọ́ ìwọ̀n rẹ̀ nìkan tó ẹrù ọkùnrin kan. Ohun kẹta wà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan rárá, òun náà ni àlòkù pátákó aláṣọ ràbàtà tí àwọn olóṣèlú fi ń polongo ìbò. Bí ìdìbò bá ti parí, àwọn fọ́tò wọ̀nyí á máa jábọ́ káàkiri àdúgbò, àwọn ìyá ọlọ́jà á sì ti mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe. Omi kì í gba inú rẹ̀ kọjá. Èèyàn lè má dìbò fún ọ̀gbẹ́ni náà, kí òjò má sì pa á lábẹ́ rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó wúwo, oòrùn sì máa ń mú kó gbẹ kó sì là lójú ibi tí wọ́n bá ti ká a, nítorí náà rírọ́ ni kí wọ́n máa rọ́ ọ bí ẹní, kí wọ́n má ká a.

Ibi tí okùn ti wọ aṣọ ni gbogbo tapólíìn ti máa ń ya. Bí wọ́n bá kàn fi ọ̀bẹ dá ihò sí i, ìjì kan ṣoṣo ti tó láti fà á ya dé àárín. Àwọn tó ń tẹ pátákó ìpolówó ní Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìdímù ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kan òrùka irin róbótó mọ́ etí aṣọ, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣẹ́ etí náà po lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó kan òrùka mọ́ ọn, kí òrùka kan wà ní igun kọ̀ọ̀kan, kí òmíràn sì máa tẹ̀lé e ní ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì.

Bí ó bá jẹ́ aṣọ méjì ni wọ́n fẹ́ so pọ̀, kí wọ́n má gbé e lọ fún télọ̀ tó ń rán bùbá. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ á ṣẹ́. Àwọn tó ń rán aṣọ àga mọ́tò lẹ́bàá títì ló ní ẹ̀rọ tó lágbára tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ní òwú tí omi kò lè mú jẹrà. Kí ó bá wọn ká etí aṣọ méjèèjì bọ inú ara wọn bí wọ́n ṣe ń rán ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò jíǹsì, kí ó sì gba ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀síbẹ̀, gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti gún, ihò ni. Bó bá jẹ́ kánfáàsì olówùú, kí wọ́n fi àbẹ́là pa ojú ibi rírán náà títí tí yóò fi dán. Bó bá jẹ́ onírọ́bà, gọ́ọ̀mù sílíkóònù tí àwọn tó ń ṣe fèrèsé onígíláàsì ń lò ni kí wọ́n fi tọ́ ọ.

Gbígbé e ró kò ṣòro. Kí wọ́n ta okùn kan láti ara igi sí ara igi, tàbí láti orí ọkọ̀ sí orí ọ̀pá kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, kí wọ́n da tapólíìn lé e, kí wọ́n sì fi èèkàn na etí rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kan kúrú ju èkejì. Kí ó dagun dáadáa. Bí omi bá ti rí ibi jókòó sí lórí rẹ̀, á wó. Okùn tó bá ti ara igi wá sínú àgọ́ gbọ́dọ̀ ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn tí wọ́n so rọ̀ lára rẹ̀, kí omi tó ń tẹ̀lé okùn náà lè gba ibẹ̀ kán sílẹ̀ láìdé orí ẹni tó sùn. Ojú ibi tí wọ́n ń pa á sí tún ṣe kókó. Abẹ́ igi àgbọn kò dára, abẹ́ igi tó ti gbẹ lókè kò dára, ojú àgbàrá tó gbẹ ni ó sì burú jù, nítorí òjò tó ń rọ̀ níbi tó jìnnà lè rán àgbàrá wá bá ẹni tí òjò kò pa rárá.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ kan ti wáyé ṣáájú èyí. Lóde òní ní Nàìjíríà, kò sí ọlọ́gbọ́n tó ń pàgọ́ sínú igbó ẹ̀bá ọ̀nà lóru, ohun yòówù kó dì dání. Àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀nà di ibi tí èèyàn kò gbọ́dọ̀ dúró sí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó kéré tán ní wákàtí méjì, kí arìnrìn-àjò ti dé ibi tí èèyàn ń gbé: ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ilé epo ńlá tó ní ọlọ́dẹ, ọgbà ilé ìtura tó gbà á láyè láti sun inú ọkọ̀ rẹ̀, tàbí ìletò tí ó ti kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ níbẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò náà, kíkí olóyè ìletò kí wọ́n tó na èèkàn àkọ́kọ́ ju títì ilẹ̀kùn ọkọ̀ lọ. Láti Kétu dé Sábẹ̀ẹ́, Yorùbá lèdè tí wọ́n á fi dá a lóhùn.

Ilẹ̀ tútù ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí. Wọ́n á kó bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta dání, wọn kò ní tẹ́ nǹkan kan. Àmọ́ ilẹ̀ ló ń fa ooru ara jáde, aṣọ tí èèyàn bá sì fi ẹ̀yìn tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò lè mú ooru dúró mọ́, torí pé atẹ́gùn inú rẹ̀ ti jáde tán. Ọyẹ́ oṣù kejìlá sí oṣù kejì a máa mú ní Tógò òkè àti àríwá Gáná ju bí ará Èkó ṣe lè rò lọ. Ẹní onírọ́bà ni kó kọ́kọ́ kan ilẹ̀, nítorí ọ̀rinrin. Fóòmù tó nípọn tó íǹṣì méjì ló tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń ta fóòmù á gé e sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní gígùn àti méjì ní fífẹ̀ bí wọ́n bá ti sọ fún wọn. Kí télọ̀ rán àpò aṣọ òjò fún un, tí síìpù rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n lè máa yọ fóòmù náà sá. Fóòmù tí omi ti wọ̀, tí kò sì gbẹ, òórùn rẹ̀ nìkan á lé olówó rẹ̀ síta.

Ẹni tó bá ní ọkọ̀ Síẹ́nà, irú èyí tó pọ̀ láwọn gáréèjì Ìyànà Ìpájà, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ilé. Àwọn àga àárín rẹ̀ ṣeé yọ. Kí gbẹ́nàgbẹ́nà gé púláíwúùdù, èyí tí odindi rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́rin, kí ó ṣe é ní abala méjì tó ń ká lu ara wọn pẹ̀lú ìṣẹ́rí, kí ó sì fi ẹsẹ̀ pákó gbé e sókè tó íǹṣì mẹ́wàá sí méjìlá, kí àpótí oúnjẹ àti omi lè wọ abẹ́ rẹ̀. Sùkúrù ni kí ó lò, kì í ṣe ìṣó, nítorí gbọ̀ngàn-gbọ̀ngàn títì wa máa ń fa ìṣó yọ. Kí ẹni tí yóò sùn síbẹ̀ kọ́kọ́ jókòó sórí àpótí tó ga tó bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, kí ó wò ó bóyá orí rẹ̀ kò kan òrùlé, kí gbẹ́nàgbẹ́nà tó gé ohunkóhun. Nígbà tó bá parí, kí wọ́n fi ọ̀já alágbára so bẹ́ẹ̀dì náà mọ́ ibi tí wọ́n ti yọ àga. Pákó tí kò ní ìdè nínú ọkọ̀ tó ń sáré, bí ìjàmbá bá dé, òun ni yóò kọ́kọ́ lu ẹ̀yìn awakọ̀. Àwọn jórinjórin náà lè ṣe ìkẹ́rù sórí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹrù fúyẹ́fúyẹ́ ni kó gbé: tapólíìn, ẹní, fóòmù. Omi àti táyà àpọ̀jù gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, torí ọkọ̀ tí orí rẹ̀ bá wúwo kì í pẹ́ ṣubú ní kọ́nà.

Iná ló kù, òun ló sì ń pa èèyàn láìjẹ́ kí ó mọ̀. Bí èédú, bẹntiróòlù tàbí igi bá ń jó níbi tí atẹ́gùn kò pọ̀ tó, ó máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́kisáídì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta èèyàn lójú, kì í sì í mú un wúkọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ọ́síjìn kiri ara, àmọ́ bí afẹ́fẹ́ yìí bá wọlé, á gba ìjókòó ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìlẹ̀mọ́ rẹ̀ sì le tó ìgbà igba àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ti ọ́síjìn. Orí á kọ́kọ́ fọ́ onítọ̀hún, oorun á kùn ún, ó lè bì, á sì rò pé àárẹ̀ ìrìn-àjò lásán ni. Bí ó bá ti sùn lọ, ó lè má jí mọ́. Ọ̀nà yìí kan náà ni jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi ń pa odindi ìdílé lóru, tí àwọn ará àdúgbò á sì máa wá ẹni tó fún wọn ní májèlé jẹ.

Nítorí náà, àdògán eléèédú kò gbọ́dọ̀ wọ inú àgọ́ tàbí inú mọ́tò, yálà òjò ń rọ̀ ni o, yálà òtútù ń mú ni o. Èédú tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, tó kàn pọ́n lábẹ́ eérú, léwu ju èyí tó ń jó lala lọ, torí pé ọkàn èèyàn máa ń balẹ̀ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀rọ amúlétutù kí ó sì sùn. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà, kí ó jìnnà tó ogún ẹsẹ̀ bàtà ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn síbi tí èèyàn ń sùn.

Gáàsì kékeré ló rọrùn jù láti fi dáná lójú ọ̀nà, àwọn sílíńdà oníkílò mẹ́ta àti mẹ́fà tí ojú ìdáná wà lórí wọn gan-an. Kí wọ́n fi omi ọṣẹ pa ẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Bó bá ń hó, ó ń jò. Ìta ni wọ́n ti ń tàn án, ìta náà ni ó sì dára kó sùn. Kí wọ́n má ṣe gbé bẹntiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì nínú ọkọ̀ tí èèyàn ń sùn sí. Apanápaná kékeré tí òfin ọkọ̀ ti ní kó wà tẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹrù, ẹ̀gbẹ́ orí ẹni tó sùn ni àyè rẹ̀. Oògùn kòkòrò oko tí àwọn kan ń fọ́n sínú yàrá náà kò yẹ àgọ́ rárá. Lọ́dún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa irú rẹ̀ nínú ìgò kéékèèké láwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá nítorí jàǹbá tó ń ṣe.

Omi kò gba àlàyé gígùn, ìṣirò ló gbà. Ẹnì kan nílò nǹkan bíi lítà mẹ́rin lójúmọ́ fún mímu àti sísè, láìtíì ka ìwẹ̀. Àpò píọ́ wọ́tà kan, ogún ọ̀rá tó jẹ́ ìdajì lítà ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ lítà mẹ́wàá. Èèyàn méjì á mu àpò méjì tán láàárín ọjọ́ méjì àbọ̀, ìwọ̀n ẹrù náà sì jẹ́ ogún kílò. Ẹní tó bá ní kẹ́ẹ̀gì funfun onílítà márùndínlọ́gbọ̀n tó ní ẹ̀rọ omi nídìí á rí i pé ọ̀rá kò ní máa bẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Omi odò tàbí kànga tí wọn kò mọ̀, kí ó hó fún odidi ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó mu ún, nítorí àrùn onígbáméjì. Bí inú bá ṣì ṣe ẹnì kan, ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́fà tí wọ́n ré ojú rẹ̀ àti ìdajì ṣíbí iyọ̀ nínú lítà omi mímọ́ kan ni kó máa mu díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi dé ilé ìwòsàn. Kí ó má fi ojú díwọ̀n iyọ̀. Bó bá pọ̀ jù, ìpalára ló ń ṣe.

Ní ti oúnjẹ, àwọn ìyá wa tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà òkèèrè ti yanjú rẹ̀ tipẹ́: gàárì, kúlíkúlí, róbó, àádùn, ẹja gbígbẹ. Kò sí èyí tó nílò fíríìjì nínú wọn.

Ìwé náà jẹ́ ohun èlò. Láti ọdún 1979 ni àdéhùn ECOWAS ti fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè inú ẹgbẹ́ náà láyè láti lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ ní ilẹ̀ ara wọn láìgba físà. Ó kan jẹ́ pé Mali, Burkina Faso àti Niger ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, nítorí náà kí ẹni tó bá ń gba ibẹ̀ lọ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ aṣojú wọn. Ìwé ìrìnnà, káàdì aláwọ̀ ìyeyè tó fi hàn pé èèyàn ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ìwé ọkọ̀, àti káàdì ìbánigbófò aláwọ̀ ilẹ̀ tí ECOWAS dá sílẹ̀ lọ́dún 1982 fún ọkọ̀ tó bá ń kọjá ibodè, ẹ̀dà gbogbo wọn ni kó wà lọ́tọ̀ sí ojúlówó. Ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀ ni kí wọ́n kó o sí.

Ilé ni wọ́n ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé, kí ẹni tó ń lọ gbé gbogbo ohun tó rà àti ohun tó ní kí wọ́n ṣe jáde sí àgbàlá ilé rẹ̀ ní Ìgándò tàbí Ìpájà, kí ó na tapólíìn, kí ó da garawa omi mẹ́ta lé e lórí, kí ó dáná oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ lórí gáàsì náà, kí ó sì sun ibẹ̀ mọ́jú láìwọlé. Àwọn aládùúgbò á rẹ́rìn-ín. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí ó pín ẹrù náà sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó lò, èyí tí kò lò, àti èyí tó wá lóru tí kò rí. Èyí tí kò lò, kí ó fi í sílé, àyàfi apanápaná, oògùn àti táyà àpọ̀jù. Èyí tí kò rí ni kí ó lọ wá lọ́jà Ìkòtún lọ́jọ́ kejì, lọ́pọ̀ ìgbà ni yóò sì jẹ́ tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń so mọ́ orí, kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè so okùn nínú òkùnkùn.